Sẹminá lórí ìmọ̀ ìṣeéṣe ní ẹ̀ka ìṣirò wa ń kú lọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùkọ́_Adó · Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin ará ilé. Olùkọ́ ni mí ní ẹ̀ka ìṣirò ní yunifásítì kan níbí ní Èkìtì. HOD wa ti fa sẹminá ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lé mi lọ́wọ́, èyí tó dá lórí ìṣeéṣe, probability tí gbogbo wa ń pè é. Ọjọ́rú, aago méjì ọ̀sán, wákàtí kan.

Ohun tí mo bá nílẹ̀ kò dùn mọ́ mi nínú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, yàrá máa ń kún. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ti ku ẹni tó ń sọ̀rọ̀, èmi, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Másítà tí a ń pe orúkọ wọn nínú rẹ́jísítà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á tan projẹ́ktọ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti orí Ω, F àti P (àkójọ ohun tó lè jáde, àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀, àti ìṣeéṣe wọn), á máa ka sláìdì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìdajì wákàtí á ti lọ kí a tó gbọ́ ìbéèrè tó fẹ́ dáhùn. Bí iná bá lọ, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àwọn ọ̀gá wa tó ń ṣe algebra àti differential equations ní tiwọn sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Statistics ni, kò kan àwọn.

Mo fẹ́ràn ìmọ̀ yìí gidigidi, mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi ni sẹminá náà máa kú sí. Èmi fúnra mi ni mo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní sáà tó ń bọ̀, random walk ni mo sì ní lọ́kàn. Ṣé pátákó ni kí n lò àbí sláìdì? Kí ni mo lè fi fa àwọn tí kì í ṣe ìṣeéṣe wọlé? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti bójú tó irú rẹ̀ rí, kó bá mi dá sí i.

Tíṣà_Àgbà_Ìkẹ́rẹ́ · Àìkú, 9:25 alẹ́

Ọmọ mi, o ṣeun tí o gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sẹminá kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Pátákó ni kó o lò. Ọwọ́ tó ń kọ̀wé kò lè yára ju ojú tó ń wò ó lọ. Sláìdì á kó ìlà mẹ́wàá síwájú èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà kẹta kò tíì yé e tí wọ́n ti ṣí òmíràn. Tí o bá lo pátákó, iná lè lọ kó sì dé, kò kàn ọ́.

Má sì fi Ω bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Random walk tí o mú yẹn dára púpọ̀. Sọ fún wọn pé ẹnì kan dúró sí ojú kan lórí ọ̀nà tó gùn láìlópin. Ó ju kọ́ìnì, ó gbé ẹsẹ̀ kan sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ṣé ó dájú pé á tún padà dé ojú ibi tó ti bẹ̀rẹ̀? Tó bá jẹ́ ìlú tí títì rẹ̀ gba ìbú gba òòró ńkọ́, tí ẹni náà ń yan ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́rin ní gbogbo oríta? Tó bá tún lè lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ ńkọ́? Jẹ́ kí wọ́n nawọ́ sókè, kí wọ́n sọ èrò wọn, kó o tó kọ ohunkóhun. Ẹni tó bá ti sọ èrò tirẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn á dúró gbọ́ ìdáhùn.

George Pólya ló dáhùn rẹ̀ ní 1921. Lórí ọ̀nà kan ṣoṣo àti nínú ìlú pẹrẹsẹ, ìpadàbọ̀ dájú, ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ 1. Tí òkè àti ìsàlẹ̀ bá wọ̀ ọ́, tí ọ̀nà di mẹ́fà, kò dájú mọ́. Ó já wá sí nǹkan bíi 0.34.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò ju pátákó kan lọ. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 2n lórí ọ̀nà kan ṣoṣo, ìṣeéṣe pé ó wà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ń sún mọ́ 1/√(πn). Ro gbogbo wọn pọ̀, àròpọ̀ náà kò lópin, ìyẹn ni pé iye ìgbà tí a lè retí pé á padà wá kò lópin. Ká ní ìpadàbọ̀ kò dájú ni, iye yẹn á ní òpin. Nínú ìlú pẹrẹsẹ, ó di 1/(πn). Àròpọ̀ rẹ̀ ṣì ń lọ láìlópin, àmọ́ díẹ̀ báyìí ló fi là á. Nígbà tí a bá dé ìpele kẹta, n tó wà nísàlẹ̀ á di n^(3/2), àròpọ̀ náà á sì ní òpin. Ibi tí méjì ti di mẹ́ta yẹn ni kó o dúró sí, kó o jẹ́ kí wọ́n wò ó dáadáa. Fi ohun tó kù sílẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta tó. Má kọjá rẹ̀, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà dùn tó.

Ará_Ọ̀yẹ́ · Àìkú, 10:02 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo gba ti ìbéèrè tí ẹ ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ti pátákó nìkan yẹn, mi ò gbà á tán. PhD lórí ìṣeéṣe ni mo ń ṣe. Ohun tí ojú gbọ́dọ̀ rí pọ̀ nínú rẹ̀. Laptop tí mo ti cháàjì kún ni mo máa ń gbé lọ, Python wà lórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí iná lọ, báyìí náà ni.

Ẹ bi wọ́n léèrè: bí ẹni méjì bá ń ta kọ́ìnì, tí ẹni tó borí ń gba ₦1 lọ́wọ́ èkejì, báwo ni àkókò tí ọ̀kan fi wà níwájú á ṣe pọ̀ tó? Gbogbo wọn á ní ìdajì-ìdajì. Ẹ wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ju kọ́ìnì náà lójú wọn, kí ó ṣe é léraléra. Wọ́n á rí i pé ẹnì kan lè wà níwájú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Arcsine law ni wọ́n ń pè é, Paul Lévy ló gbé e jáde ní 1939: ìdajì-ìdajì ló ṣọ̀wọ́n jù, kí ọ̀kan wà níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àkókò ló wọ́pọ̀ jù. Ẹni tí kò bá fi ojú ara rẹ̀ rí i, ẹ̀rí orí pátákó kò ní jẹ́ kó gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé law of large numbers á mú kí orí àti ìrù dọ́gba níkẹyìn, tí a bá ju kọ́ìnì náà pẹ́.

Stat_Ìjerò · Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀

Ará_Ọ̀yẹ́, má sọ ìparí ọ̀rọ̀ rẹ yẹn bẹ́ẹ̀ ní sẹminá, òun ló máa ń dàrú mọ́ àwọn ọmọ lójú. Law of large numbers kò mú orí àti ìrù dọ́gba. Ìdá wọn ló ń sún mọ́ ìdajì. Ìyàtọ̀ iye wọn gan-an ń pọ̀ sí i ni.

Ju kọ́ìnì ní ìgbà 10,000. Ìyàtọ̀ láàárín iye orí àti iye ìrù, ní ìpíndọ́gba, á tó 80. Ju ú ní ìgbà 1,000,000, á tó 800. Ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Àmọ́ fi iye ìgbà tí o jù ú pín in: 80 nínú 10,000 jẹ́ 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún, 800 nínú mílíọ̀nù kan jẹ́ 0.08. Ohun tí Jacob Bernoulli fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1713, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kò sí ohun kan tó ń fa kọ́ìnì padà sẹ́yìn láti san gbèsè. Àwọn ìjù tuntun kàn ń pọ̀ títí ìyàtọ̀ àtijọ́ kò fi já mọ́ nǹkan láàárín wọn ni. Arcsine law tí ìwọ fúnra rẹ mú wá gan-an kò ní bá ọ sọ ọ̀rọ̀ dídọ́gba yẹn.

Ará_Ọ̀yẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀

Ìdá ni mo ní lọ́kàn, Mà. 80 àti 800 yẹn dára gan-an. Olùkọ́_Adó, ẹ kọ méjèèjì sórí pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ má ṣàlàyé kankan fún ìṣẹ́jú kan.

Ọmọ_300L · Ọjọ́ Ajé, 7:30 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo fẹ́ sọ tiwa. A kì í sá fún ìmọ̀. Ohun tó ń lé wa ni pé tí ẹnì kan bá bèèrè ìbéèrè, àwọn kan á ní "ó yẹ kó o ti mọ ìyẹn láti 200 level." Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan kò ní la ẹnu mọ́, àwọn tó jókòó tì í náà kò ní là á.

Ẹ fún wa ní ìdajì wákàtí kí ọ̀gá tó máa sọ̀rọ̀ tó wọlé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Másítà kan kọ́ wa ní ohun tí a máa bá pàdé lọ́jọ́ náà: kí ni expectation, kí ni independence, kí ni wọ́n ń fi Ω yẹn ṣe. Kí àwọn olùkọ́ má sí níbẹ̀. Ẹ sì bá wa gbé aago méjì Ọjọ́rú yẹn kúrò, ọ̀pọ̀ wa ló ní kíláàsì kọ̀ǹpútà lákòókò yẹn.

Ọmọ_Ọ̀rìn · Ọjọ́ Ajé, 12:10 ọ̀sán

Àbúrò mi 300L, àbá rẹ dára, kí wọ́n mú un lò bó ṣe wà.

Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀gá tó ní kò kan àwọn. Ọmọ Ọ̀rìn-Èkìtì ni mí, ìlú tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adegoke Olubummo ti wá. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta àkọ́kọ́ tó gba PhD nínú ìmọ̀ ìṣirò, pẹ̀lú Chike Obi àti James Ezeilo. Functional analysis, ẹ̀ka kan lára analysis, ni wọ́n ṣe, Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ni. Mo dárúkọ wọn nítorí pé ààlà tí àwọn ọ̀gá wa ń fà láàárín analysis àti ìṣeéṣe yẹn kò sí mọ́ láti 1933, nígbà tí Kolmogorov fi measure theory, ìmọ̀ bí a ṣe ń díwọ̀n ìtóbi nǹkan nínú analysis, ṣe ìpìlẹ̀ fún gbogbo ìṣeéṣe. Ẹni tó bá mọ Lebesgue integral ti mọ expectation, ìyẹn ìpíndọ́gba tí a ń retí, orúkọ ló yàtọ̀.

Nítorí náà, má bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá jókòó. Ní kí wọ́n wá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó ń ṣe differential equations mọ ìṣòro Dirichlet dáadáa: a mọ iye ohun kan, bí ooru, ní ààlà àgbègbè kan, a fẹ́ mọ iye rẹ̀ nínú àgbègbè náà. Kakutani fi hàn ní 1944 pé èèyàn lè yanjú rẹ̀ báyìí: jẹ́ kí Brownian motion (bíi random walk tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ kéré gan-an) gbéra láti ojú kan nínú àgbègbè náà títí á fi kan ààlà, wo iye tó wà níbi tó ti kàn án, mú ìpíndọ́gba. Ìdáhùn nìyẹn ní ojú ibi tó ti gbéra. Kí ọ̀gá yẹn fi ìṣẹ́jú 25 sọ ti Laplace equation tó wà nídìí ìṣòro náà, kí ìwọ fi 25 sọ ti Brownian motion. Mo ti rí i tí irú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ni méjì bẹ́ẹ̀ mú kí àwọn àgbà tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ iṣẹ́ jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Fún àwọn ará group theory, ọ̀rọ̀ pípo káàdì wà ńlẹ̀. Bayer àti Diaconis fi hàn ní 1992 pé káàdì 52 nílò riffle shuffle (ká pín in sí méjì, ká kì wọ́n bọ ara wọn) bíi méje kó tó pò pọ̀ dáadáa. Random walk lórí group (àkójọ gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà to káàdì náà) ni, kò yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí ọ̀nà. Ẹni tó bá ń ṣe number theory, fún un ní tíọ́rẹ́ẹ̀mù Erdős àti Kac ti 1940: tí a bá kàn mú nọ́ńbà ńlá kan láìṣàyàn, iye prime tó ń pín in, tí a bá wọ̀n ọ́n bó ti yẹ, ń sún mọ́ normal distribution, èyí tó rí bí agogo. Tí ìyẹn kò bá mú un dìde lórí àga, fi í sílẹ̀.

Tíṣà_Ìfàkì · Ọjọ́ Ajé, 4:45 ìrọ̀lẹ́

Sẹ́kọ́ńdìrì ni èmi ti ń kọ́ mátíìsì, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sí àdúgbò. Ohun tó ń jẹ àwọn ọmọ wa lówó ni kó o fi fà wọ́n. Nínú lọ́tò 5/90, nọ́ńbà márùn-ún ló ń já nínú 90. Ọ̀nà 43,949,268 ni márùn-ún náà lè gbà já. Ẹni tó ta two sure, ìṣeéṣe pé nọ́ńbà rẹ̀ méjèèjì á wà níbẹ̀ jẹ́ 10 nínú 4,005, ẹ̀ẹ̀kan nínú bíi 400. Tí wọ́n bá san ìlọ́po 240 fún un, a jẹ́ pé nínú ₦100 tó ń ta, ₦60 ló ń padà sọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpíndọ́gba. ₦40 ti lọ kí wọ́n tó já nọ́ńbà rárá.

Mo mọ àwọn bàbá tó ní ìwé nọ́ńbà tó ti já láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n ń wo èyí tó ti pẹ́ tí kò já, tí wọ́n ní ó máa tó já. Ọ̀rọ̀ tí ìyá wa Stat_Ìjerò sọ lókè yẹn gan-an ni kí wọ́n gbọ́. Pe àwọn olùkọ́ sẹ́kọ́ńdìrì wá, pe àwọn òbí, kó o sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Yàrá náà á kún.

Stat_Ìjerò · Ọjọ́ Ajé, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Tíṣà, ìṣirò yín pé, iṣẹ́ ńlá sì ni. Àmọ́ ìyẹn yẹ fún ọ̀rọ̀ ìta gbangba, ẹ̀ẹ̀kan ní sáà. Tí sẹminá ìwádìí bá ti di kíkọ́ ohun tí a ti mọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD á sá lọ, torí àwọn ń wá ohun tí wọ́n máa ṣe ìwádìí lé lórí.

Èmi á ní kí gbogbo ọ̀rọ̀ parí sórí ìbéèrè kan tí aráyé kò tíì dáhùn. Olùkọ́_Adó, random walk tìrẹ ní ọ̀kan tó rọrùn láti sọ. Ní kí arìnrìn-àjò náà má tẹ oríta kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà mélòó ló lè gbà rin ìgbésẹ̀ n nínú ìlú onígun mẹ́rin, tí ọ̀nà mẹ́rin pàdé ní gbogbo oríta? Ìgbésẹ̀ kan, 4. Méjì, 12. Mẹ́ta, 36. Mẹ́rin, 100, nítorí 8 nínú 108 padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Márùn-ún, 284. Àwọn ọmọ 300 level lè ka àwọn àkọ́kọ́ yẹn fúnra wọn lórí ìwé. Wọ́n mọ̀ pé iye náà ń dàgbà bí agbára nọ́ńbà kan tó sún mọ́ 2.638, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn jẹ́ gan-an. Tí ìlú náà bá jẹ́ ti afárá oyin, onígun mẹ́fà, Duminil-Copin àti Smirnov ti fi ẹ̀rí hàn ní 2012 pé √(2+√2) ni. Àwọn méjèèjì ló gba Fields Medal, ẹ̀yẹ ńlá nínú ìmọ̀ ìṣirò, Smirnov ní 2010, Duminil-Copin ní 2022. Ti onígun mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ_Ìdó · Ọjọ́ Ajé, 8:05 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí a lo ohun tiwa pẹ̀lú. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní èso mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. 2 lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 256, gbogbo odù nìyẹn. Tí a bá jù ú ní ìgbà 20, ìṣeéṣe pé odù kan á jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ti kọjá ìdajì, ó tó 53 nínú 100. Tí a bá fẹ́ kí gbogbo 256 jáde ó kéré tán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìpíndọ́gba ìgbà tí a máa jù ú sún mọ́ 1,568. Birthday problem àti coupon collector nìyẹn, nínú ohun tí bàbá wa ń lò kí Pascal àti Fermat, tí ìmọ̀ ìṣeéṣe ti inú lẹ́tà wọn bẹ̀rẹ̀, tó kọ lẹ́tà kankan síra wọn.

Ọmọ_Awo_Ìlawẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́

Ẹ rọra o. Ẹni tó ń difá kò gbà pé odù tó hù hù lásán. Ẹni tó gbé ìṣòro wá ni odù ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ síwájú kíláàsì tí ẹ ní kọ́ìnì mẹ́jọ ni, ẹ ti sọ ohun tí Ifá kò sọ, ẹ sì ti sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ tí bàbá wọn ń fi ṣiṣẹ́. Kíka 256 kò burú, àwa náà ń kà á. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di eré.

Ọmọ_Ìdó · Ọjọ́ Ajé, 9:44 alẹ́

Mi ò pè é ní eré o. Ọ̀wọ̀ ni mo fi sọ ọ́. Ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ jinlẹ̀, kí ló dé tí a ó fi máa kọ́ ọmọ wa pẹ̀lú káàdì tí wọn kò mọ̀?

Tíṣà_Àgbà_Ìkẹ́rẹ́ · Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Mo dúró ti Ọmọ_Awo lórí èyí, mo sì ní ìdí ti mátíìsì fún un pẹ̀lú. 53 nínú 100 tí Ọmọ_Ìdó sọ dá lórí pé èso kọ̀ọ̀kan ń ṣí ní ìdajì ìgbà gẹ́lẹ́. Ta ló wọ̀n ọ́n? Ká ní èso ń ṣí ní 0.6. Ìṣeéṣe pé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á ṣí, tíí ṣe Èjì Ogbè, á jẹ́ nǹkan bíi 0.0168. Ìṣeéṣe pé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á dé, tíí ṣe Ọ̀yẹ̀kú Méjì, á jẹ́ 0.00066. Ọ̀kan ti fi ìlọ́po tó lé ní 25 ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ tó wà lórí èso kan ṣoṣo kò tó nǹkan.

Gbogbo ohun tí ìṣeéṣe ń sọ rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ "tí" tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá gbójú fo "tí" yẹn níwájú akẹ́kọ̀ọ́, ó ti kọ́ wọn ní ohun tó burú. Ẹ fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ẹ kó ìdérí ìgò mínírà mẹ́jọ mẹ́jọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dà á sílẹ̀, kí wọ́n ka èyí tó ṣí àti èyí tó dé. Ìdérí ìgò kì í dọ́gba. Kí àwọn fúnra wọn fojú díwọ̀n 0.5 tàbí 0.6 tàbí ohun yòówù tó bá jẹ́. Yàrá sẹminá tó ní ìdérí ìgò nílẹ̀ kò ní gbàgbé independence, pé bí ọ̀kan ṣe já kò kan èkejì.

Ọmọ_Òkènè · Ìṣẹ́gun, 10:15 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀bìrà ni mí, Èkìtì ni mo ti ń ṣe Másítà. Mo ń ka Yorùbá bí ẹ ṣe rí i, àmọ́ àwọn tó wá láti Benue wà ní kíláàsì wa, wọn kò gbọ́ ọ rárá. Tí wọ́n bá ṣe gbogbo sẹminá ní Yorùbá gẹ́gẹ́ bí Tíṣà_Ìfàkì ṣe sọ, wọ́n ti tì wọ́n síta nìyẹn. Ní ìdajì wákàtí ti akẹ́kọ̀ọ́, kí olúkúlùkù bèèrè ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, a máa túmọ̀ fún ara wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ọ̀rọ̀ gangan wà.

Tíṣà_Ìfàkì · Ìṣẹ́gun, 1:00 ọ̀sán

Ti ìta gbangba ni mo ní kó jẹ́ Yorùbá, ọmọ mi. Àwọn òbí ni mo ní lọ́kàn. Mo gba tìrẹ fún ti inú ẹ̀ka.

Èkìtì_Lókèòkun · Ìṣẹ́gun, 7:35 alẹ́

Ẹ ò tíì sọ ti àwọn tó lè sọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Ọ̀pọ̀ wa ló ṣe tán, owó ọkọ̀ òfúrufú ni kò sí. Ẹ ṣọ́ aago o. Aago mẹ́ta ọ̀sán ní Adó, aago mẹ́ta náà ni ní London nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tó bá di ìgbà òtútù, á di aago méjì. Ní New York, aago mẹ́wàá àárọ̀ tàbí mẹ́sàn-án. Ẹ kọ aago Nàìjíríà sínú lẹ́tà ìpè, kí ẹ jẹ́ kí ẹni náà ṣírò tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa jókòó dúró de ẹni tó ń sùn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já nígbàkígbà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ fi ìwé ojú ewé méjì ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo èèyàn. Bí fídíò bá já, ẹ pè é lórí fóònù, ẹ tẹ lawosípíkà, kí ẹnì kan nínú yín dúró sídìí pátákó kó máa kọ ohun tó ń sọ. Ìyẹn máa ń dára ju fídíò lọ nígbà míì, torí ẹni tó ń kọ á máa dá a dúró bèèrè.

Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ̀ pé arXiv wà, ibi tí àwọn onímọ̀ ń gbé iṣẹ́ ìwádìí wọn sí lórí ayélujára. Láti 1991 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni. math.PR ni apá ti ìṣeéṣe, lójoojúmọ́ ni iṣẹ́ tuntun ń dé síbẹ̀. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ PhD kan máa mú ọ̀kan wá lọ́sẹ̀, kó ka ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan fún wọn.

Olùkọ́_Adó · Ọjọ́rú, 5:30 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti bá HOD sọ̀rọ̀. A ti gbé e sí Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán, ti akẹ́kọ̀ọ́ á bẹ̀rẹ̀ ní 2:30, olùkọ́ kankan kò ní wọlé. Ọmọ_Òkènè, tí ẹ bá wà nítòsí Adó, inú wa á dùn kí ẹ bá wa ṣe ọ̀kan. Pátákó ni màá lò, màá sì fún Ará_Ọ̀yẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó bá lè wá láti Ọ̀yẹ́. Màá fi ọ̀nà tí kò tẹ oríta kan náà lẹ́ẹ̀mejì yẹn parí rẹ̀. Ọ̀gá wa kan tó ń ṣe differential equations ti gbà láti bá mi pín ti Kakutani ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ìdérí ìgò ti ń wọlé.

Bàbá Ìkẹ́rẹ́, ohun kan ló kù tó ń dí mi lọ́wọ́. 1/√(πn) tí ẹ kọ yẹn nílò Stirling, fọ́múlà tí a fi ń fojú díwọ̀n n!, àwọn ọmọ 300 level mi kò tíì rí i. Tí mo bá ní kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀, a ti padà síbi tí a ti ń bọ̀. Ṣé ọ̀nà míì wà?

Tíṣà_Àgbà_Ìkẹ́rẹ́ · Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀

Ó wà, ó sì dára ju Stirling lọ fún ohun tí o fẹ́ ṣe. O kò nílò iye náà gan-an, ohun tí kò lè kéré sí ló tó.

Pe ìṣeéṣe pé ó wà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 2n ní a(n). Ìyẹn ni iye ọ̀nà tí a fi ń yan n nínú 2n, tí a fi 4^n pín. Fi hàn wọ́n pé a(n) kò kéré sí 1/(2√n). Nígbà tí n bá jẹ́ 1, ìdajì ni a(1), 1/(2√1) náà sì jẹ́ ìdajì. Láti n sí n+1, a(n+1) jẹ́ a(n) lọ́nà (2n+1)/(2n+2), kí àwọn fúnra wọn ṣí i wò. Ohun tó wá kù ni pé kí 2n+1 má kéré sí 2√(n(n+1)). Sọ ọ̀tún àti òsì di alágbára méjì: òsì jẹ́ 4n²+4n+1, ọ̀tún jẹ́ 4n²+4n. Ó parí. Induction lásán ni, wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti 100 level.

Àròpọ̀ 1/(2√n) kò lópin, nítorí náà lórí ọ̀nà kan ṣoṣo, ìpadàbọ̀ dájú. Fún ìlú pẹrẹsẹ, ya títì rẹ̀ sórí pátákó, kó o yí i ní ìgun 45. Àwọn ọ̀nà mẹ́rin náà á di ìjù kọ́ìnì méjì tí kò gbára lé ara wọn, ọ̀kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìṣeéṣe ibẹ̀ jẹ́ a(n) lọ́nà a(n), kò sì kéré sí 1/(4n). Àròpọ̀ ìyẹn náà kò lópin, harmonic series (1 + 1/2 + 1/3 …) ni.

Fún ìpele mẹ́ta, ohun tí a(n) kò lè pọ̀ jù lo nílò, ìyípo ìgun 45 yẹn kò sì ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Sọ èsì rẹ̀ fún wọn, 0.34, kó o ní ẹ̀rí rẹ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e.